Ojú Kì Í Ṣe Òṣùwọ̀n

Ìyá Nọ́ọ̀sì ń dá àwọn òǹkàwé lóhùn

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ ara sísan pọ̀ débi pé mo ní láti sún ọ̀rọ̀ ibà àti ti eyín sí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa eyín, ẹ máa fi omi iyọ̀ yọ́nu ná. Mo mú lẹ́tà márùn-ún jáde. Mo gé wọn kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò pa ohùn ẹnikẹ́ni dà.

*Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé, ní Peckham. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìlera àdúgbò wa pé wọ́n wọn ọmọkùnrin mi níléèwé, pé ó ti sanra jù gan-an. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo sunkún. Ọmọ tó ń jẹun dáadáa, tí kò ṣàìsàn rí! Mo tún wò ó dáadáa nígbà tí mo lọ mú un níléèwé: kò sanra ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Màmá mi tó wá kí wa nígbà ọdún ní ara ọmọ náà ń dán, pé àwọn ọmọ òyìnbó ló rù. Ọkọ mi ti fẹ́ kọ̀wé láti fi wọ́n sùn. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Peckham.*

Ọmọ mi, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀, torí London náà ni àbíkẹ́yìn mi wà, ọmọ tirẹ̀ sì gba irú lẹ́tà yìí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́. Nu ojú rẹ nù. Kí bàbá wọn sì gbé bírò sílẹ̀ ná.

Kò sẹ́ni tó dìídì wá dójú tì yín. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2005 sí 2006 ni wọ́n ti ń wọn àwọn ọmọ iléèwé ìjọba ní England lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ní ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti nígbà tí wọ́n bá dé Year 6, ní ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ọmọ á bọ́ bàtà àti kóòtù, á gun òṣùwọ̀n, á sì dúró ti igi tí wọ́n fi ń wọn gíga. Wọn kì í kéde èsì níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ lè ní kí wọ́n yọ ọmọ òun sílẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó o kọ, ibi tó o ti ní kò sanra ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ni mo tún kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Wọn kò fi ọmọ rẹ wé àwọn tó jókòó tì í. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n ní ilẹ̀ Britain títí di nǹkan bí ọdún 1990 ni wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n. Wò ó báyìí: to 100 nínú àwọn ọmọ ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ kan náà, láti orí ẹni tó rù jù dé orí ẹni tó sanra jù. Àwọn márùn-ún tó wà ní ìparí ìlà ni ìjọba ń kà sí àsanjù nígbà tó bá ń ṣe ìṣirò fún gbogbo ìlú. Márùn-ún péré. Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, tí wọ́n gbé àwọn ọmọ Year 6 wá síbi ìlà kan náà, 22 nínú 100 ló bọ́ sí àyè tí márùn-ún wà tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ 30 bá wà ní kíláàsì, mẹ́fà tàbí méje nìyẹn. Láàárín àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọn ò tíì pé mẹ́wàá nínú 100, èyí tó fi hàn pé láàárín ọdún mẹ́fà tí ọmọ ń lò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ jù.

Fún lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí òbí, ìlà náà tilẹ̀ tún le sí i. Àwọn méjì tó kẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìgbà yẹn ni wọ́n fi ń wọn ẹni tí wọ́n bá ní ó sanra jù gan-an. Torí náà wọn ò kánjú pe ọmọ rẹ lórúkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó o fi wé e, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà ti délé àwọn náà, kí ìyá wọn sì ti tọ́jú u sábẹ́ ìrọ̀rí.

Jẹ́ kí n sọ tèmi, kó o lè mọ̀ pé mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo wọn aboyún, mo wọn ọmọ ọwọ́, ìyá tí kílò ọmọ rẹ̀ bá sì já wálẹ̀, ẹnu mi kì í dákẹ́ lára rẹ̀. Èmi fúnra mi ò gun òṣùwọ̀n fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Mò ń bá aránṣọ mi jà pé ó ń gé bùbá mi kéré, ìró ò pàdé mọ́, mo ní aṣọ òde òní ló ń sún kì. Lọ́jọ́ kan, òṣùwọ̀n tuntun dé, ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká fi yín dán an wò.” Kílò 94! Mo ní òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì kílò 50 tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gun orí rẹ̀. 50 ló kọ. Ọmọdébìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run bá mi bù kún un.

Gbogbo ọdún mẹ́jọ yẹn, kò sí ìnáwó tí mo lọ tí wọn ò ti sọ fún mi pé, “Ẹ ti sanra sí i o, ayé yẹ yín.” Inú mi sì ń dùn. Torí náà má bínú sí màmá rẹ. Ojú tí ìran wa fi ń wo ọmọ, ojú àwọn tó rí ọmọ tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru gbẹ bí ẹja ni. A wà ní kékeré nígbà tí wọ́n ń gbé àwòrán àwọn ọmọ Biafra káàkiri, àwọn tí apá wọn dà bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Lójú tiwa, ọmọ tó bá kún lọ́wọ́ ni yóò yè. Ojú yẹn dáàbò bò wá nígbà náà. Kò lè wọn ọmọ Peckham.

Má sì dá ara rẹ lẹ́bi kọjá bó ṣe yẹ. Ní England, iye ọmọ Year 6 tó di àsanjù ní àwọn àdúgbò tí nǹkan ti le jù ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò àwọn tó rí já jẹ lọ. Mi ò gbà pé ìyá olówó mọ ọmọ tọ́jú jù ọ́ lọ. Nígbà tí mo wá kí ọmọ mi, èmi ni mò ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti iléèwé. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, mo ka ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín mẹ́rin, gbogbo wọn ló ń ta adìyẹ àti ànàmọ́ díndín ní owó tí kò tó ti èso inú àpò kékeré. Ìyá lọ síṣẹ́ alẹ́, ilé wà lókè àjà kẹrin, kò sí àgbàlá. Níbo lọmọ ti fẹ́ sáré? Ẹ rántí ọdún kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà: láàárín ọdún kan ṣoṣo, àwọn ọmọ Year 6 tó jẹ́ àsanjù fò láti 21 dé 25 àti díẹ̀ nínú 100. Iléèwé tì, pápá ìṣeré tì, fíríìjì nìkan ni wọn ò tì.

Ó yá, ká wá sí ìdáná. Lákọ̀ọ́kọ́, má fi ebi pa á. Ọmọ tó ṣì ń ga, a kì í já kílò rẹ̀ wálẹ̀ tipátipá. Ohun tá a fẹ́ ni kí kílò náà rọra dúró, kí gíga lè lé e bá. Ohun mímu ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣúgà tí wọ́n ní kí ọmọ ọdún mọ́kànlá má kọjá lójúmọ́, tá a bá da ti mínírà, bisikíìtì àti súwíìtì pọ̀, gíráàmù 30 ni. Agolo Coke kan ní 35. Ẹyọ kan ṣoṣo, ó ti ná ti òní tán, ó ti ya lára ti ọ̀la. Mọ́ltì tó ò ń rà fún un ní Rye Lane náà, yí ẹ̀yìn agolo rẹ̀ padà kó o kà á. Kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa ló ń tà á. Jẹ́ kó máa mu omi. Bí kò bá fẹ́ràn omi, òùngbẹ á jẹ́ kó fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, abọ́. Abọ́ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Má sì sọ pé kó jẹ ẹ́ tán dandan torí pé o wá láti ilé tí wọn kì í ti í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Tó bá ní òun ti yó, gbé e wọ fíríìjì. Jọ́lọ́ọ̀fù kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀wà kò ṣẹ̀ ẹ́, mọ́ínmọ́ín gan-an, ọ̀rẹ́ wa ni. Kí fóònù sùn ní pálọ̀, kí ọmọ sùn ní yàrá, kó rí wákàtí mẹ́sàn-án ó kéré tán. Bí bọ́ọ̀sì ò bá pọn dandan, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo ilé ni kó ṣe é, àtìwọ àti bàbá rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, á lọ rà á níta.

Pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Nọ́ọ̀sì ni yóò gbé e, èèyàn bíi tèmi ni, kì í jẹni. Àti pé má ka lẹ́tà náà sókè létí àwọn àbúrò rẹ̀.

*Ìyá wa, ọkọ mi pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ikùn rẹ̀ ti yọ débi pé kò rí bẹ́líìtì ara rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀rí ìgbádùn ni, pé ẹsẹ̀ àti apá òun tín-ínrín, nítorí náà òun ò sanra. Ó tún ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọta. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà? — Ìyàwó Rẹ̀, Bódìjà, Ìbàdàn.*

Má sọ nǹkan kan. Wá okùn.

Okùn tí kì í fà ni o. Ní kó dúró ti ògiri láìwọ bàtà, fi okùn náà wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kó o gé e níbẹ̀. Ṣẹ́ okùn yẹn po sí méjì. Wá gbé e fún un, kóun fúnra rẹ̀ fi ìdajì náà yí ikùn ara rẹ̀ ká, díẹ̀ lókè ìdodo. Kó mí síta kó tó ṣe é, kó má sì fa ikùn mọ́nú. Mo mọ àwọn ọkùnrin. Bí ẹnu okùn bá pàdé, tó tún ṣẹ́ kù, bá mi kí i. Bí kò bá pàdé, ikùn ti ju ìdajì gíga lọ nìyẹn, èyí sì ni àmì pé ọ̀rá ti ń kóra jọ sínú, ó ń yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, níbi tó ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ọ̀rá abẹ́ apá àti ti ìdí kò burú tó ti inú ikùn yìí. Òfin ìdajì gíga yìí, àwọn tó ń là ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní England ti fọwọ́ sí i láti 2022, náírà kan kò sì ná ọ.

Àwọn ìyá wa ò mọ téèpù. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló ń sọ fún wọn bí ara bá ti ń gbòòrò. Ọkùnrin kì í so ìlẹ̀kẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bó bá ní òun fẹ́ ìṣirò ìwé, òun náà ń bẹ. Kílò rẹ̀, kó fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, kó tún fi gíga náà pín ohun tó bá jáde. Èmi rèé: 94, mo fi 1.6 pín in, mo tún fi 1.6 pín in, ó di 36.7. Tó bá ti dé 25, o ti kọjá ìwọ̀n. Tó bá dé 30, àsanjù ni. Ará Belgium kan, Adolphe Quetelet, ló hùmọ̀ ìṣirò yìí ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Onímọ̀ ìṣirò ni, kì í ṣe dókítà, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀: ìṣirò náà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti iṣan, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn okùn ju ìwé lọ fún irú ọkọ rẹ.

Híhanrun yẹn ò gbọdọ̀ dúró de okùn o. Bí o bá gbọ́ tó ń dákẹ́ lójijì lóru, tó wá gbé èémí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí láti inú omi, mú un lọ rí dókítà, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní ti oúnjẹ, àmàlà kọ́ lọ̀tá. Àmàlà mẹ́rin ní agogo mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn wákàtí méjì nínú sún-kẹẹrẹ, kó tó lọ sùn: òun gan-an ni ká bá wí. Jẹ́ kó gbé méjì lọ sí ọ̀sán.

*Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Owó gààrí ti gun òkè, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń sùn lébi, ẹ̀yin wá ń kọ nípa ara sísan. Ṣé àrùn àwọn òyìnbó àtàwọn olówó kọ́ ni? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìwó.*

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bínú. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 2018, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà, láti ilé dé ilé, pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 nínú 100 ni àìjẹunre ti jẹ́ kí wọ́n kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Méjì péré nínú 100 ló sanra kọjá ìwọ̀n. Ẹ rí i pé ẹ ò parọ́. Àmọ́ ẹ ṣí ojú ìwé kejì. Nínú àwọn obìnrin ọdún 15 sí 49 tí wọ́n wọ̀n nínú ìwádìí kan náà, 12 nínú 100 ló rù jù, 28 ló ti kọjá ìwọ̀n tàbí tó ti di àsanjù. Ìlú kan náà ni, Bàbá, nígbà mìíràn abẹ́ òrùlé kan náà ni. Mo rí i lójú iṣẹ́ láìmọye ìgbà: ìyá tí àga kò gbà, tó gbé ọmọ tó rù bí ọ̀pá wá.

Ọ̀rọ̀ owó gààrí tẹ́ ẹ mẹ́nu bà ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ká ẹja, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́, kò ní torí ìyẹn fọwọ́ lẹ́rán. Á ra ohun tó ń tètè kún inú: gààrí, búrẹ́dì, indomie, pọfupọ́ọ̀fù, àti mínírà tí yóò fi sìn ín lọ sísàlẹ̀. Ikùn kún, agbára pọ̀ jù, ohun tí ara fi ń dàgbà kò sí níbẹ̀. Ọmọ kékeré kò ní ga. Àgbàlagbà tó ti ga tán, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà. Ẹ sì rántí ẹsẹ̀ wa. Nígbà tẹ́ ẹ wà níléèwé, ẹ̀yin lẹ mọ iye máìlì tẹ́ ẹ fi ń rìn láàárọ̀ kí agogo tó lù. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé èèyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ìsọ̀, ó tún ń dúró dè é.

Bí ayé ṣe rí náà nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2022, ẹnì kan nínú mẹ́jọ lórí ilẹ̀ ayé ló ti di àsanjù: àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 890, àti mílíọ̀nù 160 ọmọ ọdún 5 sí 19. Lọ́dún 1990, àwọn ọmọ yẹn ò ju mílíọ̀nù 31 lọ. Ibi tó sì pọ̀ sí jù kì í ṣe ìlú òyìnbó rárá. Àwọn erékùṣù kéékèèké bíi Tonga àti Nauru, láàárín agbami Pacific, ni ó ti ju 60 lọ nínú àgbàlagbà 100. Àwọn tí bàbá wọn ń pẹja, tí wọ́n ń hú iṣu, kí oúnjẹ inú agolo tó fi ọkọ̀ òkun dé bá wọn.

Ní ti ìjọba wa, ní 2022 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí mínírà, náírà mẹ́wàá lórí lítà kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é: lórí ìgò ìdajì lítà, náírà márùn-ún. Ta ni náírà márùn-ún fẹ́ dá dúró? Ní Britain, nígbà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ lóṣù April 2018, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ń gun òkè, àwọn tó ń ṣe mínírà wá sáré dín ṣúgà kù kí owó orí má bàa mú wọn. Tiwa ò ya oníṣúgà díẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára oníṣúgà púpọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní Àbújá, ohun tí màá sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pè mí.

*Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gba abẹ́rẹ́ Ozempic kí wọ́n lè rù. Ẹnì kan ní òun á bá mi rà á lórí Instagram ní ẹ̀dínwó. Ṣé kí n gbà á? — Ọmọ Ọ̀yọ́, Houston.*

Lórí Instagram? Rárá o. Lóṣù June 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde fún gbogbo ayé pé ayédèrú oògùn yìí ti wà níta, wọ́n sì ti rí i mú ní Amẹ́ríkà tìrẹ yẹn. Ohun tí wọ́n bá rọ sínú abẹ́rẹ́, ta ló mọ̀ ọ́n?

Ojúlówó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Àtọ̀gbẹ ni wọ́n fọwọ́ sí Ozempic fún ní 2017. Oògùn kan náà, lábẹ́ orúkọ Wegovy, ni wọ́n fọwọ́ sí fún àsanjù ní 2021. Nínú ìdánwò rẹ̀, àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù nǹkan bíi kílò 15 nínú gbogbo kílò 100. Èébì àti inú rírú ń bá a rìn. Àwọn tó dáwọ́ dúró, kí ọdún tó yí po, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n sọnù ti padà. Bá dókítà rẹ sọ ọ́, kó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, kó wo ìdílé rẹ, kó sì sọ fún ọ ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i. Pé gbogbo ibi iṣẹ́ yín ló ń gbà á kò yà mí lẹ́nu, ní Amẹ́ríkà níbi tí nǹkan bí 40 nínú àgbàlagbà 100 ti di àsanjù.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Orobó ni wọ́n ń pè mí níléèwé, tíṣà wa náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tá a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kí n lọ dúró sínú gólì torí mo tóbi. Mo ti ń fi oúnjẹ ọ̀sán mi tọrẹ kí n lè rù. Àǹtí mi ló bá mi fi èyí ránṣẹ́ mà.*

Káàárọ̀, ọkọ mi. Jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: o fún ẹlòmíràn ní agogo méjìlá, nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin ebi ti fọ́jú rẹ, o wá jẹ pọfupọ́ọ̀fù mẹ́fà lójú ọ̀nà. Àbí irọ́ ni mo pa?

Sọ fún àǹtí rẹ kó mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn kílò rẹ àti gíga rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó lè jẹ́ pé o sanra lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé eegun rẹ ló fẹ́ ga, ara ló kọ́kọ́ ń kó oúnjẹ jọ. Èmi ò lè fojú wò ọ́ láti Ìbàdàn.

Tíṣà rẹ, kí àǹtí rẹ fi ojú ewé yìí hàn án. Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú rẹ́jísítà.

Ní ti bọ́ọ̀lù, bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kẹ́ ẹ máa yí i po: ìdajì àkọ́kọ́, ìwọ nínú gólì, ìdajì kejì, ìwọ nínú pápá, ẹlòmíràn nínú gólì. Á kọ́kọ́ rẹ̀ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀, àwọn ọlọ́kadà Mọ́kọ́lá ń dúró bi mí bóyá owó ló tán lọ́wọ́ mi. Kílò 81 ni mo wà báyìí. Bá mi fi 1.6 pín in lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé ìṣirò rẹ, wàá rí i pé mi ò tíì débẹ̀.

Kọ̀wé sí mi bí sáà yìí bá parí, kó o sọ iye tó o mú àti iye tó o gbá wọlé.